Àwọn Àwòrán Ajá tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ìgbóbì

Ẹni tó bá pàdé mi ní Bàrígà láàárọ̀, ajá méjì ni yóò kọ́kọ́ rí kó tó rí èmi fúnra mi, nítorí àwọn ajá náà ló ń wọ́ mi lọ, èmi kọ́ ni mò ń dà wọ́n. Àwọn ọmọ iléèwé máa ń pè mí ní Màmá Alájá. Àwọn aládùúgbò tó mọ̀ pé ayàwòrán ni mí máa ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò kì í ya ọba lórí ìtẹ́, tí mi ò kì í ya omidan tó ru ìkòkò omi, àwọn ohun tí èèyàn gidi ń rà kọ́ sára ògiri pálọ̀. Ajá ni mò ń yà. Ajá pupa, ajá aláwọ̀ ewé, ajá aláwọ̀ aró tó ń sáré lórí títì tó pọ́n bí ọsàn. Mo máa ń bá àwọn ajá mi rìn títí a ó fi dé etí ọ̀sà, a ó sì padà, bí mo bá sì ti délé, kí n tó fẹnu kan tíì, màá ti da gbogbo ohun tí ojú mi rí sórí ìwé kó tó tutù. Àwọn tó ń wò ó a ní, "Màmá, ẹ mà láyọ̀ o! Ẹ wo àwọ̀!" Ẹ̀rín ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Wọn ò mọ̀ pé ẹkún ni mo fi kọ́ iṣẹ́ náà. Lọ́dún yìí tí a sin ẹ̀gbọ́n mi, mo rí i pé bí mi ò bá sọ ibi tí àwọn ajá wọ̀nyí ti wá, kò sí ẹlòmíràn tó kù tó lè sọ ọ́.

Ṣómólú la ti dàgbà, nínú ilé gígùn kan tí yàrá kọjú sí yàrá. Ṣọ́ọ̀bù Bàbá wà níwájú, yàrá méjì tiwa wà lẹ́yìn, àwọn ayálégbé sì kún ìyókù. Òǹtẹ̀wé ni Bàbá. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìsìn ìkórè, kàlẹ́ńdà, rìsíìtì, kò sí ohun tí kì í tẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń jí wa láàárọ̀: kàtàkà-kàtàkà-pàì, kàtàkà-kàtàkà-pàì. Ìyá àgbà, ìyá tó bí Bàbá, tí wọ́n mú wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ kó lè máa bá Bàbá àti Màmá wò wá, yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, yóò máa ṣa ẹ̀wà, yóò sì máa kọ orin ìjọ Onítẹ̀bọmi bá ohùn ẹ̀rọ náà lọ. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ á dákẹ́ lójijì, ohùn Ìyá àgbà nìkan á ṣẹ́kù láàárín agboolé, gbogbo ayálégbé á sì wá gbọ́ pé ó ti ń ṣi orin náà kọ látàárọ̀. Kò ní í dá a dúró. Ó ní Ọlọ́run mọ ohun tí òun ní lọ́kàn.

Òórùn íǹkì àti kẹrosíìnì wà lára gbogbo nǹkan wa, títí kan aṣọ ìsinmi. Íǹkì ìtẹ̀wé kò dà bíi ti gègé. Ó ki bí òrí, omi kì í ràn án, ọṣẹ nìkan kì í ràn án. Kẹrosíìnì ló mọ ọ̀rọ̀ tó máa bá a sọ. Bí Bàbá bá fẹ́ jẹun, yóò kọ́kọ́ da kẹrosíìnì sí àkísà, yóò fi nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi ọṣẹ fọ ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, yóò fi ọwọ́ sí imú, yóò tún un fọ̀. Bí íǹkì bá kan orúnkún àwa ọmọdé, kẹrosíìnì ni. Bó bá kan etí, kẹrosíìnì ni. Ìyá àgbà a ní ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ràá lọ́wọ́, yóò sì fà mí lápá lọ sídìí gálọ́ọ̀nù tó máa ń wà lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìbẹ́pẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí gálọ́ọ̀nù yẹn.

Ajá méjì ló ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù, ti Bọ̀dá Délé ẹ̀gbọ́n mi sì ni àwọn méjèèjì. Ọdún márùn-ún ló fi jù mí lọ, òun nìkan sì ni àwọn ajá náà kà sí èèyàn nínú ilé wa. Bíńgò ni akọ, àgbà ajá tó máa ń sùn bí ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ìyá àgbà ló sọ abo lórúkọ. Nígbà náà, òun àti Ìyá Ṣèyí, ayálégbé tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, kò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́, torí Ìyá àgbà gbà pé Ìyá Ṣèyí máa ń gbé ọ̀rọ̀ ilé wa lọ síta. Bí wọ́n ṣe gbé ọmọ ajá náà wọlé, Ìyá àgbà wò ó, ó wo ẹnu ọ̀nà Ìyá Ṣèyí, ó ní, "Ẹnu-Ayé lorúkọ ẹ̀." Láti ọjọ́ náà, bí ajá bá ti gbó, Ìyá àgbà á lọgun kí gbogbo ilé lè gbọ́: "Ẹnu-Ayé, o ò lè dákẹ́ ni? Kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀?" Ìyá Ṣèyí á pòṣé, á ti ilẹ̀kùn rẹ̀ gbàgà. Àwa ọmọdé á fi ọwọ́ bo ẹnu, a ó rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa.

Ajá pupa rúsúrúsú ni Ẹnu-Ayé, ikùn rẹ̀ funfun, etí rẹ̀ kan dúró, èkejì ṣẹ́ sílẹ̀. Kò mọ ìrìn jẹ́jẹ́. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ Bàbá tó ti gbó ni Bọ̀dá Délé fi ṣe okùn fún un, ẹni tó bá sì di bẹ́líìtì náà mú, sísá ni yóò máa sá tẹ̀ lé e. Yóò fà sápá òsì, yóò fà sápá ọ̀tún, yóò ti imú bọ gbogbo kòtò tó wà láàárín Ṣómólú àti ọ̀sà. Ojoojúmọ́ ni Bọ̀dá Délé ń kó wọn jáde, èmi a sì máa sáré tẹ̀ lé wọn, torí òun nìkan ni kì í lé mi padà sílé. Ìyá àgbà á máa pariwo tẹ̀ lé wa pé, "Ajá tó rí mọ́tò tó dúró, ó fi ara ẹ̀ bọ Ògún ni o! Ẹ rọra!"

Àárín òjò ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ àdúgbò há sórí òrùlé kan. Bọ̀dá Délé gùn ún lọ láti mú un, páànù tó ti dípẹtà já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó sì já wálẹ̀. Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Ìgbóbì ni wọ́n gbé e lọ, torí kò jìnnà sí wa, kò sì sí ibòmíràn tí ará Ṣómólú ń gbé ẹni tó ṣẹ́ egungun lọ. Kí wọ́n tó gbé e sínú takisí, ó nawọ́ mú apá mi. Ojú rẹ̀ ti yí padà, òógùn bò ó. Mo rò pé ó fẹ́ sọ pé ó ń dun òun. Ohun tó sọ ni pé, "Bísí, má jẹ́ kí nǹkan ṣe àwọn ajá mi." Mo ní, "Mo ti gbọ́, Bọ̀dá." Ọmọ ọdún mẹ́wàá kì í mọ ìwọ̀n ohun tó ń fẹnu gbà.

Wọ́n so ẹsẹ̀ náà rọ̀ sókè lórí ibùsùn, wọ́n fi irin wíwúwo fà á, wọ́n ní yóò sùn bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí egungun tó so pọ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé wọ wọ́ọ̀dù lọ wo aláìsàn, nítorí náà mi ò fojú kàn án. Màmá ló ń gbé oúnjẹ lọ lójoojúmọ́, ó sì ń gbé e bọ̀ bó ṣe gbé e lọ. Yóò gbé abọ́ náà kalẹ̀, yóò jókòó lórí àpótí láìtú gèlè. "Kò jẹun," ni yóò wí. "Ó kọjú sí ògiri. Àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́ títí. Ajá nìkan ló ń béèrè." Ìyá àgbà kò kọrin mọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ̀rọ nìkan ló ń dá sọ̀rọ̀, ẹ̀wà tó ń ṣà sì ń bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ tí Bàbá sọ fún Màmá pé bí ọmọ náà ò bá jẹun, egungun náà ò ní í so. Mo wo Ẹnu-Ayé tó dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, tó ń wo títì láti àárọ̀. Mo ronú pé bí ajá ò bá lè wọ wọ́ọ̀dù, tí èmi náà ò lè wọ̀ ọ́, ìwé lè wọ̀ ọ́.

Mo lọ bá Bàbá nínú ṣọ́ọ̀bù, mo kúnlẹ̀, mo ní mo fẹ́ ya àwọn ajá fún Bọ̀dá Délé. Ó mú agolo íǹkì méjì tó ti kù díẹ̀ nísàlẹ̀, ó mú òkìtì ìwé tí ẹ̀rọ ti bà jẹ́ lójú kan tí ojú kejì ṣì mọ́. Ó ní, "Orí ìwé nìkan ni mo fẹ́ máa rí íǹkì yìí o. Ọjọ́ tí mo bá rí i lára ògiri, tàbí lára aṣọ, tàbí lára ohunkóhun tó ń mí, ó parí nìyẹn. Mi ò ní í fún ẹ mọ́. Ṣé o gbọ́?" Mo ní, "Mo gbọ́, sà." Àkísà, ìyẹ́ adìẹ àti ìka ọwọ́ mi ni mo fi yà á. Èmi kọ́ ni mò ń yan àwọ̀. Ohun tí Bàbá bá ń tẹ̀ lọ́sẹ̀ náà ni ajá máa wọ̀. Ọ̀sẹ̀ ìwé ìkórè, àwọ̀ àlùkò ni Bíńgò. Ọ̀sẹ̀ kàlẹ́ńdà, ó di aláwọ̀ ewé, ọ̀sà sì di pupa. Ní ọjọ́ tí Màmá kọ́kọ́ gbé ọ̀kan lọ, mi ò lè jókòó. Nígbà tó dé, abọ́ ló kọ́kọ́ ṣí hàn wá. Ó ti ṣófo. Ó ní Bọ̀dá Délé gba ìwé náà, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá ń tẹ kàlẹ́ńdà nìyẹn." Ìyá àgbà dìde lórí àpótí rẹ̀, ó jó yí agboolé ká, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ orin tó ti pa tì láti ìgbà tí wọ́n gbé Bọ̀dá Délé lọ.

Báyìí ni ìrìn mi pẹ̀lú àwọn ajá ṣe di iṣẹ́. Bí mo bá ti ti iléèwé dé, màá gbálẹ̀ ẹ̀yìn ilé, màá pọn omi ìdáná, màá sì kó wọn jáde. A ó gba Ladi-Lak, a ó kọjá níwájú àwọn aránṣọ tí wọ́n so aṣọ aláràbarà kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, a ó yà sí Akọka lábẹ́ àwọn igi ńlá, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń rìn pẹ̀lú ìwé lábíyá, a ó sì já sétí ọ̀sà lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ. Èéfín ẹja ló ń kọ́kọ́ pàdé wa. Àwọn ìyá tó ń yan ẹja á máa lé wa. Ọ̀kan nínú wọn a máa sọ lójoojúmọ́ pé, "Ìwọ ọmọ yìí, abẹ́g, mú ajá ẹ kúrò nídìí ẹja mi! Ṣé èmi ni mo bí i ni?" Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, á ti ju orí ẹja sílẹ̀ fún Ẹnu-Ayé. Mo ń wo gbogbo rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dán wò lọ́jọ́ kejì: bí omi ṣe ń dán lẹ́yìn ọkọ̀, bí èéfín ṣe ń gba abẹ́ òrùlé jáde, àwọ̀ tí oòrùn ń fi sí ẹ̀yìn ajá. Títí dòní, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń wo nǹkan.

Bíńgò rọrùn láti yà, torí kò sí ibi tó ń lọ. Ẹnu-Ayé ò gbà. Bí mo bá ní kí n ti orí bẹ̀rẹ̀, orí á ti kọjá etí ìwé. Nínú àwòrán kan, ẹ̀yìn rẹ̀ àti ìrù nìkan ló wà níbẹ̀. Nínú òmíràn, imú rẹ̀ ló ń ti ẹ̀gbẹ́ ìwé wọlé, ara tó kù ṣì wà lọ́nà. Ojú a máa tì mí, mo rò pé àìmọ̀-ọ́n-yà ni. Màmá ní ìyẹn gan-an ni Bọ̀dá Délé máa ń fi han àwọn tó wà lórí ibùsùn tó yí i ká. Ó máa ń sọ fún wọn pé, "Ẹ wò ó! Ó tún ti sá jáde." Lójoojúmọ́, kó tó ṣí abọ́ oúnjẹ, ìbéèrè rẹ̀ kan náà ni: "Ẹnu-Ayé ńkọ́?"

Ọjọ́ Sátidé kan ni. Bàbá ń tẹ iṣẹ́ pupa, ó sì fún mi ní púpọ̀. Mo ya àwòrán ńlá kan, etí ọ̀sà nírọ̀lẹ́, pupa gbogbo rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó gbẹ, torí íǹkì ìtẹ̀wé kì í tètè gbẹ. Mo lọ pọn omi. Nígbà tí mo dé, Ẹnu-Ayé ti fi àwòrán náà ṣe ẹní. Ó dùbúlẹ̀ lé e gbalaja, ó ń mi ìrù sí mi. Mo gbé e dìde. Gbogbo ikùn funfun rẹ̀ ti di pupa fòò. Bí mo ṣe dúró níbẹ̀ ni mo gbọ́ tí ẹ̀rọ ń rọlẹ̀ níwájú ilé, kàtàkà, kàtà, kà, tó túmọ̀ sí pé Bàbá ń bọ̀ wá jẹun ọ̀sán. "Tàbí lára ohunkóhun tó ń mí." Bí Bàbá bá rí ajá yìí, kò sí íǹkì mọ́. Bí kò bá sí íǹkì, kò sí àwòrán, Bọ̀dá Délé á sì tún kọjú sí ògiri.

Mo ṣe ohun tí gbogbo ilé wa ń ṣe. Mo fà á lọ sídìí igi ìbẹ́pẹ, mo gbé gálọ́ọ̀nù, mo da kẹrosíìnì sí i lára, mo fi àkísà nù ún. Íǹkì náà ń ṣí, inú mi sì ń dùn. Mo tún da òmíràn sí i. Mi ò fi ọṣẹ kàn án, mi ò fi omi ṣàn án, torí ti ìdáná ni omi tí mo pọn, ẹ̀rọ sì ti dákẹ́. Mo ní kó lọ jókòó sóòrùn kó lè gbẹ. Ó jókòó lóòótọ́, ó tẹ orí ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá ara rẹ̀. Ó lá ikùn, ó lá ẹsẹ̀, ó fi eyín ha ibi tí íǹkì kù sí. Mo dúró tì í, mo ń wò ó. Mo tiẹ̀ yìn ín. Mo rò pé ó ń bá mi parí iṣẹ́ náà ni.

Nírọ̀lẹ́, kò jáde. Ó ń wúkọ́, ó ń bì, ìhà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Bàbá ní bóyá ó jẹ nǹkan níta, ó fún un ní epo pupa mu bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó jẹ májèlé. Bí a ṣe ń múra ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì ni Bíńgò ń hu lábẹ́ tábìlì ṣọ́ọ̀bù. A wọlé, a bá Ẹnu-Ayé níbẹ̀, ó ti gan. Bàbá bọ́ bẹ́líìtì lọ́rùn rẹ̀, ó fi kọ́ sára ìṣó, ó sì gbẹ́ ilẹ̀ sídìí igi ìbẹ́pẹ pẹ̀lú aṣọ ìsinmi lọ́rùn. Mo sunkún débi pé wọn ò mú mi lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ilé rò pé ìfẹ́ ajá ló ń pa mí. Ìfẹ́ ni, àmọ́ ìdajì rẹ̀ ni wọ́n mọ̀.

Ìyá àgbà ò wá ọ̀rọ̀ jìnnà. Ìyá Ṣèyí ti ra májèlé eku lọ́sẹ̀ náà, gbogbo ilé ló mọ̀. "Orúkọ tí mo sọ ajá ló ń dùn ún," ni Ìyá àgbà wí ní gbangba agboolé, "òun ló fi mú ẹ̀mí ẹ̀." Ìyá Ṣèyí jáde tòun ti Bíbélì lọ́wọ́. Ó ní, "Màmá, mi ò fún ajá yín ní nǹkan kan. Ọlọ́run tí mò ń sìn ń gbọ́ mi." Mo wà láàárín wọn. Mo rí omi lójú rẹ̀. Ó tó kí n la ẹnu, mi ò là á. A ò kí i mọ́ nílé wa láti ọjọ́ yẹn, kí ọdún sì tó parí, ó kó kúrò. Mi ò mọ ibi tó wà lónìí kí n lọ kúnlẹ̀ fún un. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti ju ogún ọdún lọ dáadáa, ẹsẹ̀ òtítọ́ ló ń fà.

Lálẹ́ ọjọ́ ìsinmi yẹn kan náà, kí a tó jẹ ẹ̀bà, Ìyá àgbà ló dá ẹjọ́ tó kù. "Ẹsẹ̀ ni ọmọ yẹn ń tọ́jú, ẹ má fi ọkàn kún un fún un. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ́ létí ẹ̀." Bàbá gbà bẹ́ẹ̀. Màmá yíjú sí mi, ó ní, "Bísí, ṣé wàá lè máa ya Ẹnu-Ayé nìṣó?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ta ni ì bá sọ pé rárá? Lọ́jọ́ kejì mo mú Bíńgò nìkan jáde, mo rìn títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ. Ìyá ẹlẹ́ja yẹn wo ẹ̀yìn mi, ó ní, "Oníwàhálà ẹ dà?" Mo sáré kúrò níbẹ̀. Mo délé, mo tẹ́ ìwé sílẹ̀, mo sì ya Ẹnu-Ayé.

Àwọn àgbà ní bí ojú bá ń sunkún, a máa ríran. Mo rí i dájú lọ́dún náà. Mo ya Ẹnu-Ayé láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Akọka, mo yà á níwájú àwọn aránṣọ Ladi-Lak, mo yà á ní pupa, ní àlùkò, ní àwọ̀ aró. Mo fi àwọ̀ tó tàn jù sí i lára kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Ìrántí ni mo fi ń yà á, ìrántí kì í sì í fa okùn. Nígbà tí Màmá gbé àkọ́kọ́ nínú wọn sókè, ó ní, "Ó dára o! Wò ó, odidi ẹ̀ ló wọ inú ìwé. O ti mọ̀ ọ́n yà báyìí." Lóòótọ́, ó wà láàárín gbùngbùn ìwé, orí, ara, ìrù, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó dúró jẹ́jẹ́. Màmá gbé e lọ. Nígbà tó dé, ó ní Bọ̀dá Délé wo àwòrán náà pẹ́ púpọ̀, kò fi han ẹnikẹ́ni. Ó jẹun. Ohun tó béèrè nìkan ni pé, "Bísí ńkọ́? Ṣé ó ń jẹun?" Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè náà ló ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú abọ́ tó ṣófo. Kò béèrè Ẹnu-Ayé mọ́. Mo rò pé ó ti gbàgbé ajá, ó sì bí mi nínú díẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ló padà sílé, pẹ̀lú ọ̀pá méjì lábíyá. Bíńgò fò mọ́ ọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. Ìyá àgbà ti pèsè ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní Ẹnu-Ayé tẹ̀ lé àwọn akọ ajá lọ sí ọ̀nà Ladi-Lak ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Bọ̀dá Délé ní, "Ó dáa, Ìyá àgbà." Kò bú sẹ́kún, kò béèrè nǹkan kan. Ó ní kí n bá òun mú bẹ́líìtì lára ìṣó. Ó ká a, ó fi sápò. Nígbà tó lè fi ọ̀pá kan rìn, èmi àti òun mú Bíńgò lọ sétí ọ̀sà, díẹ̀díẹ̀, à ń sinmi lọ́nà. Ó jókòó lórí ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ó ń wo omi. Ó ní, "Bísí, ṣé o ní ohun tó o fẹ́ sọ fún mi?" Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti rù, mo rántí ohun tí mo ṣèlérí fún un nídìí takisí. Mo ní, "Rárá, Bọ̀dá." Ó nawọ́ mú ọ̀pá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa. Jẹ́ ká lọ, òórùn ẹja yìí ti ń mú ebi pa mí."

Bí mo ṣe ń sá fún un nìyẹn fún gbogbo ayé mi. Ẹ má rò pé a jà. A ń kí ara wa lọ́dún, mo ń gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, òun ló mú mi lọ sọ́dọ̀ ọkọ mi. Àmọ́ bó bá ti ku èmi àti òun nínú yàrá, màá rántí nǹkan tí mo gbé ka iná. Kò ní ajá mìíràn lẹ́yìn Bíńgò títí ó fi kú. Bó bá rí mi pẹ̀lú tèmi lójú ọ̀nà, yóò dúró, yóò jẹ́ kí wọ́n gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, yóò wò mí bí ẹni tó ń retí nǹkan, èmi a sì ní mo ń kánjú. Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo. Ó ń dùn mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Ó sùn lálẹ́ ọjọ́ kan lásìkò òjò ọdún yìí, kò jí. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyàwó rẹ̀, Ìyá Tóbi, ránṣẹ́ pè mí sílé wọn ní Bàrígà. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wá wo nǹkan. Lábẹ́ aṣọ wọn ni mo ti rí i, ẹ̀yin lẹ ni ín." Àwọn àwòrán mi ni. Kò sí ọ̀kan tó sọnù. Etí ìwé wọn ti pọ́n, àmọ́ íǹkì Bàbá ò ṣá. Ìdì méjì ni wọ́n. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ló fi di àkọ́kọ́. Òwú funfun lásán ló fi di èkejì. Mo tú wọn sórí ibùsùn. Nínú ìdì bẹ́líìtì, Ẹnu-Ayé ń sá jáde nínú ìwé lọ́tùn-ún lósì, ìrù níbí, imú lọ́hùn-ún. Nínú ìdì òwú, ó dúró láàárín. Àwòrán tí mo yà lọ́jọ́ kejì tí a sin Ẹnu-Ayé ló wà lókè pátápátá. Bọ̀dá Délé ò ṣi ọ̀kan ṣoṣo mú.

Mo jókòó sétí ibùsùn. Mo ní, "Ìyá Tóbi, ǹjẹ́ wọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi pín in sí méjì?"

Ó ní, "Mo bi wọ́n nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Wọ́n ní nínú ti àkọ́kọ́ yìí, ajá àwọn ló ń rìn. Wọ́n ní nínú ti èkejì, àbúrò àwọn ló ń dá rìn, kò sì sẹ́ni tó dì í lọ́wọ́ mú."

Mo gbé bẹ́líìtì náà lé orúnkún mi. Ìyá Tóbi ń wò mí, kò mọ ohun tó ṣe mí. Mo ní, "Èmi ni mo pa á, Bọ̀dá. Kẹrosíìnì ni."